Ṣọ́ọ̀lù Funfun Ìyá Sọjí

Bí Ìyá Sọjí bá ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síta ní ìrọ̀lẹ́, tó sì fa irin ìhunṣọ méjèèjì yọ nínú àpò, àwọn ayálégbé ilé náà ní Ìsọlọ̀ a máa wò ó bí ẹni ń wo ìran. Obìnrin náà kì í wo ọwọ́ rẹ̀. Á gbé ojú sókè, á kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, irin méjèèjì á máa kan ara wọn, kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́, aṣọ á sì máa gùn sísàlẹ̀ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń hun ara rẹ̀.

“Àwa ló yẹ ká máa wo ọwọ́ wa,” ni Ìyá Lará, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, máa ń wí. “Ìyá Sọjí ti kúrò nípò akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá sùn pàápàá, wọ́n á hun súẹ́tà kan parí kí ilẹ̀ tó mọ́.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Ìyá Sọjí náà á rẹ́rìn-ín. Ó sàn kí wọ́n máa yìn ín ju kí wọ́n mọ òtítọ́ lọ. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò wo ọwọ́ rẹ̀ nítorí pé bó bá wò ó, kò ní í rí i.

Ó ti tó ọdún méjì tí ohun náà ti bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó rò pé gíláàsì àtùpà ló dọ̀tí. Ó nù ún, nù ún, títí gíláàsì fi fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ kógbá wọlé, òjò dé, ìkùukùu ojú rẹ̀ kò ká. Ní ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde, tí ọmọ rẹ̀ Olúsọjí, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba, ra tẹlifíṣàn àti fìríìjì lẹ́ẹ̀kan náà, tẹlifíṣàn ọ̀hún kò yàtọ̀ sí fèrèsé tí wọ́n fi ẹfun kùn lójú ìyá rẹ̀. Bí gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀, òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ á fi díẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tiwọn.

Ó kọ́ ilé náà sórí bí ẹni ń kọ́ orin ìjọ. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá láti yàrá rẹ̀ dé ilé ìdáná. Mẹ́sàn-án dé ibi ìkòkò omi. Ó fi ìró bàtà mọ ẹni tó ń bọ̀: bàtà Olúsọjí a máa dún gbà, gbà, sálúbàtà Kúnbi a máa wọ́ nílẹ̀ láti ìgbà tí oyún rẹ̀ ti wúwo.

Kí ló dé tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀? Nítorí oyún yẹn náà ni.

Ọmọ mẹ́rin ni Ìyá Sọjí bí ní Ìkẹ́rẹ́, ọ̀kan péré ló yè. Nínú ìdílé ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ ní í wẹ ọmọ tí ìyàwó bá bí, títí ọmọ á fi pé ogójì ọjọ́. Ọwọ́ ìyá ọkọ ni yóò na apá ọmọ, tí yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀, tí yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ orí rẹ̀ kí ó rí roboto. Wọ́n sì máa ń sọ pé ọwọ́ tó kọ́kọ́ wẹ ènìyàn kì í kúrò lára rẹ̀ títí ayé. Nítorí náà, obìnrin yìí bí mẹ́rin, kò sì wẹ ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n ń wẹ Olúsọjí, tí òun náà tọrọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e díẹ̀ sínú omi, ìyá ọkọ rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ kúrò. “Sùúrù,” ni ìyá àgbà náà wí. “Tìrẹ ń bọ̀. Ọmọ tí èyí bá bí ni wàá wẹ̀.”

Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ló ti fi dúró de ọmọ náà. Olúsọjí fẹ́ Kúnbi, olùkọ́ kan láti Ṣàgámù. Ọdún márùn-ún kọjá kí inú Kúnbi tó dúró. Kúnbi sì ti fọwọ́ sí i pé Màmá ni yóò wẹ ọmọ. Ta ni yóò wá gbé ọmọ tuntun lé afọ́jú lọ́wọ́ lẹ́bàá omi gbígbóná? Ìyá Sọjí bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà, ó sì dákẹ́ sí i.

Ṣọ́ọ̀lù tí ọmọ yóò kọ́kọ́ wọ̀ ló ń hun ní gbogbo ìgbà náà. Nígbà tí oyún wà ní oṣù márùn-ún, òun àti Kúnbi jọ lọ sí Òṣòdì, wọ́n ra bọ́ọ̀lù òwú mẹ́fà ní ìsọ̀ Fàósátù nítòsí ojú irin, funfun bí ẹyẹ lékeléke. Ó ń hun ún lọ, ó ń fi ìka ka á. Ìka rẹ̀ kò ṣìnà rí. Ṣùgbọ́n bó ti kù ìdámẹ́ta kí ó parí, òwú tán.

“Ẹ jẹ́ kí n yà ní Òṣòdì lọ́jọ́ Ẹtì tá a bá jáde níléèwé, Mà,” ni Kúnbi wí.

“Ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ wú bí iṣu yìí? Jókòó jẹ́ẹ́. Òṣòdì kì í ṣe òkè òkun. Mo mọ ọ̀nà.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wé gèlè, ó mú àpò, ó sì jáde. Nínú àpò náà ni ó fi bébà pélébé kan sí, èyí tí wọ́n fi ń di bọ́ọ̀lù òwú lámùrè. Ẹni tó bá mọ̀ nípa òwú mọ bébà yẹn. Nọ́ńbà àwọ̀ òwú ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, nítorí funfun pọ̀ ju ọ̀kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni pupa pọ̀ ju ọ̀kan lọ. Ìyá Sọjí fúnra rẹ̀ ló máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ ní ìhunṣọ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà kan: “Ẹ má ṣe ra òwú kún òwú láìfi nọ́ńbà wé nọ́ńbà.”

Ó wọ bọ́ọ̀sì. “Màmá, ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀, nǹkan ń bẹ níwájú yín!” ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ pariwo. Ó gbé ẹsẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sọ̀ ní Òṣòdì, ó dúró sí ẹ̀bá ojú irin títí ó fi gbọ́ tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn sọdá, ó sì dà pọ̀ mọ́ wọn. Onírẹ́kọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fàósátù ló fi mọ ìsọ̀ náà, òun àti òórùn káńfọ̀.

Èrò kún ibẹ̀ bámúbámú.

“Ìyá Sọjí! Ẹ kú àtijọ́ o,” ni Fàósátù ké láti inú ìsọ̀. “Ìyàwó wa ti sọ̀?”

“Ó kù díẹ̀. Òwú ọjọ́sí ló tán. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin ni mo fẹ́ fi kún un.”

“Wọ́n wà nínú abọ́ ńlá tó wà níwájú yín yẹn. Ẹ dákun, ẹ bá mi mú èyí tẹ́ ẹ fẹ́, àwọn èèyàn yìí fẹ́ fà mí ya. Láti ìgbà tí Údójì ti dé, ẹni tí ò lóyún pàápàá ń ra òwú ọmọ.”

“Ìyá olówùú, ọwọ́ yín ò yá o!” ni oníbàárà kan wí.

“Méjì ni Ọlọ́run fún mi, ẹ̀gbọ́n. Àbí kí n máa fi ẹsẹ̀ ta á ni?”

Ìyá Sọjí ki ọwọ́ bọ inú abọ́. Òwú kún ibẹ̀, gbogbo wọn rọ̀ lọ́nà kan náà, wọ́n sì nípọn bákan náà. Ó fi ìka kan bébà tó wà nínú àpò rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù: “Fàósátù, bá mi wo nọ́ńbà yìí.” Gbólóhùn náà dé etí ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu Fàósátù kò ní ìlẹ̀kùn. Ìsọlọ̀ náà ló ń gbé, Kúnbi sì ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èyí bá gbọ́ pé Ìyá Sọjí kò lè ka nọ́ńbà, kí oòrùn tó wọ̀, Kúnbi á ti gbọ́.

Ó mú bọ́ọ̀lù kan, ó nà án sí oòrùn bí àwọn tó mọ òwú ṣe ń ṣe, ó dijú kan, ó mi orí. Ìkùukùu funfun ló rí. Ó mú mẹ́ta mìíràn tó wà lẹ́bàá rẹ̀.

“Èyí lẹ mú?” ni Fàósátù wí bó ti ń fi bébà ìròyìn wé wọn. “Ó máa gbé ìyókù yọ dáadáa. Ẹ̀yin mà mọ nǹkan.”

Inú Ìyá Sọjí dùn títí dé ilé. Ó ti lọ, ó ti bọ̀, kò sí ẹni tó mú un.

Ó hun èyí tó kù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì fi abẹ́rẹ́ oníkọ́ ṣe kóróṣé sí etí rẹ̀ yí po, bí òdòdó wẹ́wẹ́. Ìyá Lará yà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sì dúró.

“Háà! Èyí tẹ́ ẹ wá ṣe yìí, Ìyá Sọjí, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ṣé àrà tó wà lóde nìyẹn?”

“Àrà àtijọ́ ni,” ni ó dáhùn, nítorí ó rò pé kóróṣé etí rẹ̀ ló ń yìn. “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ ò mọ̀ ọ́n.”

Ìyá Lará padà sí yàrá rẹ̀. Ó ní ohun tó bá wu àgbà ni àgbà ń ṣe. Ìyá Sọjí sì ká ṣọ́ọ̀lù náà sínú àpótí aṣọ rẹ̀, kò jẹ́ kí Kúnbi rí i, nítorí lójú tirẹ̀ kò dára kí aboyún máa na aṣọ ọmọ wò kí ọmọ tó dé.

Ọmọ dé lọ́jọ́ Rú, ọkùnrin làǹtì-lanti. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n gbé e kúrò nílé ìwòsàn. Ìyá Kúnbi ti ti Ṣàgámù dé, obìnrin títóbi tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ilé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

“Ìyá Sọjí, aṣọ dà?” ni ó wí bí wọ́n ti jókòó sí pálọ̀. “Gbogbo Ṣàgámù ni mo ti sọ fún pé àna mi ń hun aṣọ ọba.”

Ìyá Sọjí gbé e jáde. Ó mú etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí itan rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga, bí ẹni tẹ́ ẹní fún àlejò pàtàkì.

Àga Ìyá Kúnbi dún bó ti tẹ̀ síwájú.

“Ẹ̀ẹ̀-hẹ̀n?” ni Ìyá Kúnbi wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ọmọ ti tọ̀ sí i kí wọ́n tó bí i ni?”

“Mọ́mì!” ni Kúnbi wí.

“Mo ń ṣeré ni. Àbí ẹ̀yin ò rí i? Ó dàbí ìtọ̀ lóòótọ́.”

“Kí ni ó dàbí ìtọ̀?” ni Ìyá Sọjí béèrè.

“Ìsàlẹ̀ rẹ̀, Mà,” ni Kúnbi sọ jẹ́jẹ́. “Yẹ́lò ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yẹ́lò ni gbogbo etí rẹ̀ pẹ̀lú.”

Ìyá Sọjí fi ìka wá ibi tí òwú méjèèjì ti pàdé. Ó rẹ́rìn-ín. “Mo mọ̀. Èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Funfun nìkan kì í yọ lára ọmọ.” Ó gbé ojú sí apá ibi tó ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn, nídìí tẹlifíṣàn. “Àbí kò dára, Olúsọjí?”

Olúsọjí kò dáhùn.

“Olúsọjí, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí o ń wò mí bẹ́ẹ̀?”

“Ibí ni mo wà, Màámi.”

Ohùn náà wá láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí èémí rẹ̀ fi kan án létí. Ó ti bọ́ bàtà. Ó ti dìde lórí àga tó wà nídìí tẹlifíṣàn láti ìgbà tí wọ́n ti na ṣọ́ọ̀lù. Àga òfìfo ni ìyá rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

“Láti ìgbà wo?” ni Olúsọjí béèrè.

Ìyá rẹ̀ kò lè purọ́ mọ́. Ó sọ ọ́ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn nínú yàrá. Olúsọjí ní òun kò lè gbà kí ìyá òun wẹ ọmọ. Kúnbi ń sunkún, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá Sọjí dìde, ó ka ìṣísẹ̀ méje, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn.

“Mi ò bẹ̀ yín fún ogójì ọjọ́ mọ́,” ni ó wí. “Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bẹ̀. Kí n wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí Ìyá Kúnbi gbà á.”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́...”

“Olúsọjí, mi ò wẹ ìwọ. Mi ò wẹ àwọn tó tẹ̀ lé ọ kí wọ́n tó lọ. Ẹ̀ẹ̀kan.”

Ìyá Kúnbi ló kọ́kọ́ fọhùn láti inú yàrá, ẹ̀rín ti kúrò nínú ohùn rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ojú ò wẹ ọmọ, ọwọ́ ní í wẹ̀ ẹ́. Màá jókòó tì wọ́n.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àpótí ìjókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Sọjí jókòó, ó ká ìró sókè, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi. Ó ní kí wọ́n bu omi tútù díẹ̀ sí i, wọ́n bù ú, ó tún wò ó, ó dára. Wọ́n tẹ́ ọmọ lé ojúgun rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ kàn án. Ọmọ náà gbóná, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ti rò lọ. Ìka rẹ̀ rin iwájú orí ọmọ, ó sì mọ̀ pé iwájú orí ọkọ òun ni. Ó rin imú, ó rin àgbọ̀n. Ó fà á nínà lápá, apá sì padà wálé fúnra rẹ̀ bí òwú tó rún. Gbogbo ohun tó ti gbọ́ pé wọ́n ń ṣe láti ọdún pípẹ́ wá ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe láìṣìnà. Ìyá Kúnbi pàápàá ní, “Áà, ẹ mà mọ̀ ọ́n!”

“Ẹ bá mi na kàn-ìn-kàn.”

Wọ́n nà án sí i. Ó fi ọṣẹ sí i, ó ń pa á mọ́ ọmọ lórí, ọmọ ń ké tantan. Ó fi ọwọ́ gbé orí náà díẹ̀ kí ó lè fọ ẹ̀yìn ọrùn. Ìyá Kúnbi yíjú láti bu omi gbígbóná kún omi tó ti ń tutù. Ọmọ dákẹ́.

Inú Ìyá Sọjí dùn. “Ẹ ò rí i?” ni ó wí. “Ó ti dákẹ́. Ó ti mọ ọwọ́ mi.” Ó sì ń fọ ẹ̀yìn ọrùn náà lọ, jẹ́jẹ́, kò kánjú.

“Ọṣẹ!” ni Kúnbi lọgun láti ẹnu ọ̀nà. “Mọ́mì, ọṣẹ ti bò ó nímú! Mọ́mì!”

Wọ́n já ọmọ náà gbà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Abọ́ omi dojú dé. Ìyá Sọjí na ọwọ́ síwájú, kò kan nǹkan kan. Ó gbọ́ tí Ìyá Kúnbi ń fi ẹnu fa imú ọmọ, tó ń tu ú dànù, tó tún ń fà á. Ó gbọ́ ìró àtẹ́lẹwọ́ lẹ́yìn ọmọ. Kò gbọ́ igbe. Ìsọlọ̀ dákẹ́. Fèrè ilé iṣẹ́ aláṣọ ké ní ọ̀nà jíjìn, ó ké, ó ké, ó sì dá, síbẹ̀ kò gbọ́ igbe.

Ọmọ wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ké.

Kúnbi wó lulẹ̀ síbi tó dúró sí, ó bú sẹ́kún. Kò sí ẹni tó bá Ìyá Sọjí wí. Ìbá sàn kí wọ́n bá a wí. Olúsọjí wá mú un lápá, ó gbé e dìde, ó mú un wọlé, kò sì jẹ́ kí ó ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.

“Màámi, lọ́la ọjọ́ Ajé, màá mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú,” ni ó wí nígbà tó ti mú un jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. “Wọ́n ní wọ́n lè ṣí i. Ọ̀gá mi kan, wọ́n ṣí ti ìyá rẹ̀.”

“Ó máa tó ìgbà wo?”

“Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ó lè tó oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó kàn wá.”

“Oṣù mẹ́rin,” ni ó wí. “Ọmọ á ti fẹ́ máa jókòó nígbà yẹn.”

Olúsọjí tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Ó ní kí ó má ronú. Ó jáde.

Nígbà tí oòrùn gòkè, ó gbọ́ tí sálúbàtà Kúnbi ń wọ́ bọ̀, ó ń lọ́ra. Kúnbi gbé oúnjẹ sórí tábìlì kékeré tó wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni. Òórùn ewé rẹ̀ kún yàrá. Ó tún gbé abọ́ omi sílẹ̀.

“Ọmọ ńkọ́?” ni Ìyá Sọjí béèrè.

“Ó ti sùn, Mà. Ó ti mu ọmú.” Ó ń tú ewé mọ́ínmọ́ín. “Ẹ má bínú sí mi, Mà.”

“Kí lo ṣe? Bí o ò bá sí lẹ́nu ọ̀nà...” Kò parí rẹ̀.

Kúnbi kúnlẹ̀, ó sún abọ́ omi náà títí ó fi kan orúnkún ìyá ọkọ rẹ̀. “Ẹ fọwọ́, Mà, kẹ́ ẹ jẹun. Ẹ ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀.”

Ìyá Sọjí kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí itan, ó sì fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Wọ́n ti gbẹ. Ọṣẹ ti fa awọ wọn mọ́ra, òórùn orí ọmọ sì wà lára wọn.

“Gbé omi yẹn kúrò,” ni ó wí. “Màá jẹun tó bá di ọ̀la.”